Àlejò Tí Kò Ní Agboolé: Ilé-Ìṣẹ̀ǹbáyé Jos àti Ìtàn Àwọn Awakùsà, Láti Ojú Ìbàdàn Àtijọ́

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni bébà yìí gbé yẹ̀wò. Kí ló fà á tí ìtàn àlejò fi pé lẹ́nu àwọn ará Ìbàdàn àtijọ́, ṣùgbọ́n tí ìtàn àlejò tí ó lọ wa kùsà ní òkè Jos ṣòro í rí, àní nínú ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó jẹ́ pé kùsà gan-an ni ó bí i? Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé iṣẹ́ yìí so Bẹẹrẹ mọ́ Bukuru. Ṣùgbọ́n àlejò ni ó kọ́ Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń gba orúkọ àlejò sílẹ̀ lọ́wọ́ ìgbàgbé, ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́, pẹ̀lú díẹ̀ nínú àwọn Ẹ̀gbá, tẹ̀dó sí agbègbè tí Ọjàaba wà lónìí. Jagunjagun tí ó bá dé a gba ilẹ̀, a kó ẹbí, ọmọ ogun àti ẹrú yí ara rẹ̀ ká. Bí ó bá sì ṣe orire, a jẹ oyè. Inú ilé rẹ̀ ni wọ́n ń sin ín sí. Láàárọ̀, ìyàwó ilé a máa ki ọmọ ọkọ rẹ̀, oríkì náà a sì máa dárúkọ ìlú tí baba ńlá ọmọ náà ti wá. Báyìí ni agboolé ṣe di ibi tí ìtàn ń gbé, láti Ọjàaba dé Bẹẹrẹ, láti ẹsẹ̀ òkè Mapo dé Bẹyẹrunka. Kò yẹ kí á sọ ọ́ di àsọdùn ṣá o: orúkọ olówó wọn ni púpọ̀ nínú àwọn ẹrú wọ̀nyí kú mọ́. Ilẹ̀ àti oyè ni ìtàn ń tẹ̀ lé. Ẹni tí kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì, abẹ́ orúkọ ẹlòmíràn ni ìtàn rẹ̀ ń forí pamọ́ sí.

Ní òkè Jos, ọ̀ràn yàtọ̀. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn ará Liruei ti ń yọ́ tánńganran. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ ibẹ̀. Orí ni àwọn alárù kọ́kọ́ fi ń rù ú lọ sí Loko ní etí odò Bénúé. Nígbà tí ó di 1914, ojú irin tóóró kan ti Zaria dé Bukuru, ní 1927 sì ni ojú irin ńlá tí ó gba Kafanchan so òkè náà pọ̀ mọ́ Port Harcourt.

Ojú irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì ń tẹ̀ síwájú lọ sí Àríwá, ni ó ṣí ọ̀nà náà fún àwọn Yorùbá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn gbé lọ. Ọjà títà, iṣẹ́ télọ̀, iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n ń ṣe; wọ́n wà lára àwọn àlejò ìlú Jos tí Plotnicov kọ ìwé lé lórí ní 1967. Àwọn ará Àríwá, láti Kano, Sókótó, Katsina àti Borno, ni ó pọ̀ jù nínú kòtò. Owó orí tí ìjọba ń béèrè ni ó lé púpọ̀ nínú wọn wá. Bí òjò bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọn a padà lọ dáko.

Ní 1942, ìfẹ́ inú kúrò níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún náà ni Singapore bọ́ sọ́wọ́ àwọn Japan, tánńganran ilẹ̀ Malaya sì bọ́ mọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ìjọba bá fi òfin mú àwọn àgbẹ̀ láti oko wọn. Láàrin 1942 sí 1944, àwọn tí wọ́n kó lọ sí òkè náà lé ní 100,000. Òtútù, àìjẹun-kánú àti àrùn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ibùdó. Àwọn mìíràn sá lọ. Ìwé Freund tí ó jáde ní 1981 ni ó jẹ́ kí ọ̀ràn náà yé àwọn onítàn dáadáa.

Ní àkókò yìí gan-an, ní 1943, ni orí alámọ̀ kan jáde láti inú kòtò kùsà nítòsí Jema'a. Akọ̀wé kan gbé e kọ́ sínú oko iṣu láti máa dẹ́rù ba ẹyẹ, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún kan kí ó tó dé ọwọ́ Bernard Fagg, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Jos. Irú rẹ̀ ti jáde ní Nok ní 1928, ní ibi kùsà Dent Young. Láti ibẹ̀ ni ìmọ̀ nípa àṣà Nok ti gbilẹ̀, tí ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé Jos sì ṣí ilẹ̀kùn ní 1952. Nínú ìròyìn tí gbogbo ayé mọ̀, akọ̀wé wà níbẹ̀, Fagg wà níbẹ̀, iṣu pàápàá wà níbẹ̀. Ẹni tí ọkọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kan orí náà ni kò sí. Àlejò tí ó bá ti Ìbàdàn wọ ilé náà yóò wo ohun tí àwọn awakùsà hú jáde, ó sì ṣeé ṣe kí ó jáde láìmọ orúkọ ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn.

Kì í ṣe pé àwọn olùtọ́jú ilé náà jẹ̀bi. Ohun tí ibùdó kò pa mọ́, ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé kò lè rí i gbà. Ọ̀pọ̀ awakùsà kò gba ilẹ̀, wọn kò jẹ oyè, wọn kò sì fi ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀ tí yóò máa jẹ́ orúkọ wọn; ahéré àti owó iṣẹ́ ni wọ́n gbà. Ìbàdàn pàápàá ní irú àléébù bẹ́ẹ̀. Gbọ̀ngàn Mapo parí ní 1929. Orúkọ ẹnjiníà Robert Jones kò ṣòro í rí, ṣùgbọ́n ta ni ó ru òkúta gun òkè náà? Lẹ́sẹ̀ òkè kan náà, ní Ọjàaba, agolo ni àwọn ìyá fi ń wọn ẹ̀wà àti gààrí. Irin tí wọ́n pa tánńganran mọ́ lára ni agolo, Bootle lẹ́bàá Liverpool ni wọ́n sì ti ń yọ́ tánńganran Jos fún ọdún pípẹ́. Bóyá iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí wọ́n fi ipá mú ní 1942 ti gba Ọjàaba kọjá láìsí ẹni tí ó fura.

Ní Newtown, Johannesburg, ọgbà tí ìjọba ìlú ń kó àwọn òṣìṣẹ́ aṣíkiri sí ni wọ́n sọ di ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé. Òṣìṣẹ́ ìlú ni wọ́n, wọn kì í ṣe awakùsà, ṣùgbọ́n ọgbà náà jọ ti àwọn awakùsà. Ibùsùn kọ̀ǹkéré wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fojú wọ̀n ọ́n yóò mọ ààyè tí wọ́n fún ènìyàn láti sùn. Ní òkè Jos, ohun tí ojú ń rí jù ni adágún omi tí ó kún inú kòtò.

Bí orúkọ bá ṣì wà níbì kan, ó jọ pé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó bá wọn tajà ni. Oníṣòwò tí ó ń ta aṣọ láwìn lẹ́nu ọ̀nà ibùdó gbọ́dọ̀ mọ orúkọ oníbàárà rẹ̀, ìlú rẹ̀, àti ọjọ́ tí yóò sanwó. Àwọn Yorùbá kan tí ó ṣòwò lọ́hùn-ún padà sílé ní ọjọ́ ogbó, ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn sì wà nínú agboolé. Ìwádìí tí ó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ní Ìbàdàn àti ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí ọmọ rẹ̀ pọ̀ ní Jos, kò gbọdọ̀ béèrè ìtàn ìdílé nìkan. Kí ó béèrè ìwé gbèsè pẹ̀lú.