Ikú Ilé àti Ikú Òde: Òwe Kan, Ọ̀bẹ Róòmù àti Ọdún 1962

Àwọn àgbà ní: "Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani." Orúkọ ikú wà nínú òwe yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n òwe ìmọ̀ràn ni. Ọ̀tá òde lè lówó, ó sì lè ní ọmọ ogun, àmọ́ kò mọ ibi tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ pa mọ́ sí. Ará ilé ló mọ̀ ọ́n. Òun ló mọ ìgbà tí a ń sùn, ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá, àti ẹni tí a kò lè kọ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí òwe mìíràn fi máa ń tẹ̀lé e: "Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀."

Ní Ẹ̀pẹ́ tiwa, nínú Ṣágámù níbí, ìpàdé ẹbí àti ìpàdé ẹgbẹ́ ni a ti máa ń pa òwe yìí jù. Bí ilẹ̀ ẹbí bá bọ́ sọ́wọ́ àjèjì, tí a wá rí i pé ọmọ ẹbí kan ló lọ fọwọ́ sí ìwé ní kọ̀rọ̀, àgbàlagbà kan yóò mí kanlẹ̀, yóò sì pa á. Gbogbo ilé á mi orí, wọ́n á ní a ti mọ ọ̀dàlẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Báwo ni ikú ṣe ń di ará ilé? Ṣé gbogbo ẹni tó bá takò wá nínú ilé ni ọ̀dàlẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo eré oníṣe tí William Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1599 lórí ikú Julius Caesar, eré tí ọ̀pọ̀ wa kà nílé ìwé girama. Caesar jagun ní Gaul, ó bá Pompey jà, ó ṣẹ́gun. Ikú òde kò pa á. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, ọdún 44 kí wọ́n tó bí Jésù, ni àwọn aṣòfin tó ń bá a jókòó yọ ọ̀bẹ sí i, ojú ọgbẹ́ 23. Brutus, tí Caesar fẹ́ràn gidigidi, wà láàárín wọn.

Ìran méjì wà nínú eré náà tí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá dúró lé lórí. Àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ lóru, nínú ọgbà Brutus. Brutus fúnra rẹ̀ gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé Caesar kò tíì ṣe òun níbi. Ohun tí Caesar lè dà lọ́la bí wọ́n bá fi jọba ló ń bà á lẹ́rù. Cassius, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin tó ń pète ikú Caesar, sì ti mú kí wọ́n ju àwọn lẹ́tà ayédèrú gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ ọ́, kó lè rò pé àwọn ará ìlú ló ń ké sí òun. Nígbà tí àwọn tó ń pète náà pé jọ, Cassius ní kí wọ́n búra. Brutus kọ̀, ó ní ohun rere tí àwọn fẹ́ ṣe tó ìbúra fún wọn. Ìran kejì jẹ́ ti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nílé Caesar. Calpurnia, ìyàwó rẹ̀, ti lá àlá burúkú, ó sì ń bẹ ọkọ rẹ̀ kó má jáde. Decius, ọ̀kan nínú wọn, túmọ̀ àlá náà sí rere, Caesar gbà, ó sì pe gbogbo àwọn àlejò rẹ̀ wọlé kí wọ́n jọ mu wáìnì díẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Wọ́n mu wáìnì ẹni tí wọ́n ń mú lọ síbi ikú.

Brutus kì í ṣe olè, kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìfẹ́ Róòmù wà lọ́kàn rẹ̀ dájú, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń dunni. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé kò fìgbà kan dúró níwájú Caesar kó sọ pé, "Ohun tí o ń ṣe yìí kò tọ́, èmi kò ní í bá ọ lọ." Ó ní ẹnu, ó ní àga nínú ìgbìmọ̀, Caesar sì fẹ́ràn rẹ̀ débi tí kò fi lè ṣàì tẹ́tí sí i. Ó gbé ẹnu tì, ó fi ọ̀bẹ sọ̀rọ̀.

Àwọn baba wa náà mọ̀ pé ọba lè ṣi agbára lò. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí Aláàfin bá ti kọjá ààyè rẹ̀, Baṣọ̀run àti àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì lè fi igbá òfìfo tàbí ẹyin ayékòótọ́ ránṣẹ́ sí i, àmì pé kó gba ikú. Ìdájọ́ líle ni, ṣùgbọ́n Aláàfin mọ àwọn tó ń bá òun sọ̀rọ̀, ó mọ àṣẹ tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Ní Rémọ níbí, Òṣùgbó, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìlú, ni ilé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ilédì, ilé ìpàdé wọn, àgbà lè ta ko àgbà, ohùn lè ròkè. Ohun tí ìmùlẹ̀ kọ̀ ni kí ẹni tó jókòó síbẹ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ ilé fún ará òde, tàbí kó dá ìpàdé mìíràn sílẹ̀ lẹ́yìn àwọn tó kù.

Ṣágámù fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló mú kí ìlú 13 kó ara wọn jọ ní 1872 láti lè gba ara wọn sílẹ̀: Òfin tí Akárìgbò, ọba Rémọ, ti wá, Màkún, Ṣónyìndó, Ẹ̀pẹ́ tiwa àti àwọn tó kù. Ìlú kọ̀ọ̀kan gbé orúkọ àti oyè rẹ̀ dání wá. Wọn kò di ohùn kan ṣoṣo, a sì ń bára wa jiyàn lórí oyè àti ààlà di òní. Síbẹ̀ ìlú náà dúró, torí pé láàárín ara wa la ti ń jà á.

A kò sì lè sọ̀rọ̀ ikú ilé ní Rémọ ká má dárúkọ ọdún 1962. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí wọ́n bí ní Ìkẹ́nẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1909, ni aṣáájú Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group. Ní 1959, wọ́n kúrò nípò Pírẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn láti lọ ṣáájú àwọn alátakò nílé aṣòfin àpapọ̀. Igbákejì wọn, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló gba àga náà. Láìpẹ́, èrò àwọn méjèèjì yapa. Akíntọ́lá fẹ́ kí Yorùbá bá àwọn tó ń ṣèjọba ní Èkó dọ́wọ̀ọ́ pọ̀ kí wọ́n lè rí ìpín tiwọn gbà. Awólọ́wọ̀ ní kí ẹgbẹ́ dúró gẹ́gẹ́ bí alátakò, kó sì fi ètò ìjọba tó ń wá ire mẹ̀kúnnù ta àwọn tó kù yọ. Ìbéèrè mìíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀: ta ló ń pàṣẹ ní Ìbàdàn, Pírẹ́míà ni àbí aṣáájú ẹgbẹ́? Kò sí ọ̀dàlẹ̀ nínú gbogbo èyí. Ọ̀rọ̀ tí àgbà méjì lè jiyàn lé lórí di ilẹ̀ mọ́ ni.

Ní oṣù Karùn-ún 1962, ẹgbẹ́ ní kí Akíntọ́lá fipò sílẹ̀, ó kọ̀. Aṣòfin 66 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Gómìnà, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, yọ ọ́ ní ọjọ́ 21 oṣù náà, wọ́n sì fi Alhaji D. S. Adégbénró rọ́pò. Nígbà tí Ilé Aṣòfin jókòó ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 25, Ọmọọba Adélékè Adédoyin, ọmọ Akárìgbò wa, ló wà lórí àga olórí Ilé. Ìpàdé kò tíì mọ́wọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ti Akíntọ́lá fi fò sókè tó ń pariwo. Àga bẹ̀rẹ̀ sí fò, ẹnìkan gbé ọ̀pá àṣẹ Ilé láti fi lu olórí Ilé, àwọn ọlọ́pàá sì yin tajútajú. Ní ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, ó gbé Dókítà M. A. Májẹ̀kódùnmí wá ṣe alákòóso. Ògiri ti lanu, ẹni tó ń wá ọ̀nà àtiwọlé sì ti wọlé.

Ọmọ Rémọ ni mí, n kò sì fi ìfẹ́ Bàbá Awólọ́wọ̀ pa mọ́. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í ṣe ẹrú ìfẹ́. Ìwé tí aṣòfin 66 yẹn fọwọ́ sí, ìta Ilé ni wọ́n ti fọwọ́ sí i. Wọn kò dúró nínú Ilé kí wọ́n dìbò lójú Akíntọ́lá. Orí kókó yìí gan-an ni ẹjọ́ tí Akíntọ́lá pè lórí ìyọnípò rẹ̀ dúró lé. Kóòtù tó ga jù ní Nàìjíríà dá Akíntọ́lá láre ní 1962. Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbẹ̀yìn sí nígbà náà, yí i padà, ó dá Adégbénró láre ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1963. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́, torí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tó ti padà sọ́wọ́ Akíntọ́lá, tún òfin ṣe kí ìdájọ́ náà má baà mú nǹkan kan wá. Ká ní inú Ilé ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka ìbò náà lójú gbogbo ayé, àwíjàre ìbá ṣòro fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó tẹ̀lé e burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ sí kóòtù pé wọ́n fẹ́ dojú ìjọba àpapọ̀ dé. Lára àwọn tó jẹ́rìí fún ìjọba ni Dókítà Sanya Onabamiro, ẹni tó ti bá wọn jókòó nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́. Nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, ní oṣù Keje 1963, Ṣẹ́gun, àkọ́bí Awólọ́wọ̀, kú nínú jàǹbá ọkọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, Adájọ́ Sówèmímọ̀ rán Bàbá lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10. Lọ́dún yẹn kan náà ni Julius Nyerere gbé eré Shakespeare náà jáde ní èdè Swahili ní Tanganyika. Ilẹ̀ Áfíríkà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ti ń rí ara rẹ̀ nínú ìtàn Róòmù.

Ní tiwa, Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀ṣọ́sà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ló gbé ìjà ilé yìí sórí ìtàgé. Eré rẹ̀, Yorùbá Ronú, tó ṣe ní 1964, jẹ́ ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ lọ bá ọ̀tá dìmọ̀ pọ̀. Ìjọba Akíntọ́lá fòfin de ẹgbẹ́ eré rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, àfi ìgbà tí àwọn ológun gbàjọba ní 1966 ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Ẹ wo bí ìjọba tó ń pe ara rẹ̀ ní olóòótọ́ ṣe bẹ̀rù ìbéèrè tí a bi í lójú agbo.

Ìparí ọ̀rọ̀ náà kò dára ní Róòmù, kò sì dára ní Ìwọ̀-Oòrùn. Cassius àti Brutus kú sí Philippi ní ọdún 42 kí wọ́n tó bí Jésù, Róòmù tí wọ́n ní àwọn ń gbà sílẹ̀ sì bọ́ sábẹ́ olú ọba. Ìbò 1965 ní Ìwọ̀-Oòrùn di iná àti ẹ̀jẹ̀ tí àwọn èèyàn pè ní wẹtìẹ̀. Wọ́n pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 1966. Oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni Awólọ́wọ̀ jáde lẹ́wọ̀n Calabar. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà níbẹ̀, Mama H. I. D., ọmọ Ìkẹ́nẹ́ bíi tiwọn, ló di ilé àti iṣẹ́ ọkọ wọn mú. Àwọn mìíràn náà kò dalẹ̀: Adégbénró kò lọ sọ́dọ̀ Dẹ́mọ, ẹgbẹ́ tuntun Akíntọ́lá. Láteef Jákàńdè, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, bá aṣáájú rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n.

Nínú gbogbo èyí, ohun méjì ni mo rí tí a lè fi mọ ọ̀dàlẹ̀ yàtọ̀ sí alátakò. Èkíní, ṣé ó sọ ọ́ lójú wa kó tó ṣe é? Èkejì, nígbà tí a kò gbà fún un, ta ló lọ ṣílẹ̀kùn fún? Ẹni tó sọ ọ́ lójú, tó dìbò ta kò wá, tí kò sì lọ pe ará òde wá bá wa pín ilé, kò dalẹ̀, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ korò tó. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí wa, tó ń bá wa mu, tó sì ń kó ìwé kiri ní kọ̀rọ̀, òun ni ikú ilé, kódà bó bá jẹ́ pé ire ìlú ló ní òun ń wá.

Iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ àwa tí a jẹ́ olórí ẹbí, alága ẹgbẹ́ àti aṣáájú òṣèlú. Bí a bá ń pe gbogbo ẹni tó takò wá ní ọ̀dàlẹ̀, a ń kọ́ wọn láti gbé ọ̀rọ̀ wọn lọ sí òkùnkùn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bínú sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kí a dìbò lójú ara wa, kí ẹni tí ìbò kò gbè sì padà wá jókòó ní ìpàdé tó ń bọ̀ láìsí ẹni tó máa bú u. Ẹbí tó bá lè ṣe èyí yóò jà, yóò sì tún parí ìjà rẹ̀ fúnra rẹ̀.