Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìrìn Àjò Olówó Kékeré ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó ń jẹ gbèsè nítorí aṣọ ẹbí ni a sáàbà ń pa òwe yìí fún, tí a bá ń bá a wí. Ṣùgbọ́n òwe náà kò bú ìtẹ́ kékeré. Ó ní eku tó bá mọ bí òun ṣe tó ni ìtẹ́ máa ń bá lára mu. Ìhà yìí ló kan ẹni tó fẹ́ràn oúnjẹ, tó fẹ́ rìnrìn àjò, tí àpò rẹ̀ kò sì wúwo.

Àwọn ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè máa ń pọn àpò lọ sí erékùṣù Penang ní Malaysia. Lóòótọ́, UNESCO ka George Town, olú ìlú ibẹ̀, mọ́ ogún àgbáyé ní 2008, ṣùgbọ́n oúnjẹ ẹ̀bá títì ló ń fa ọ̀pọ̀ wọn lọ, pàápàá laksa, ọbẹ̀ ẹja kíkan tí wọ́n ń bù sórí núdù tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe. Irú ìgbádùn bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa.

Ẹ jẹ́ ká ti Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ Orímolúsì, bẹ̀rẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ ni kí àlejò kọ́kọ́ béèrè. Ewùrà ni wọ́n fi ń sè é, iṣu olómi tí ẹni tó ń wá iyán kì í rà. Olóúnjẹ á bẹ ẹ́, á rin ín, á fi iyọ̀ sí i. Bí ata, epo, irú àti ẹja yíyan bá ti ń hó nínú ìkòkò, á máa fi ọwọ́ bu ewùrà náà sí i díẹ̀díẹ̀, á sì dé e. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ọwọ́ àgbà. Bí ó bá kánjú rò ó, gbogbo rẹ̀ á pò mọ́ omi ọbẹ̀. Ó ní láti dúró kí iná wọ̀ ọ́, kí funfun rẹ̀ pọ́n, kó tó ti orógùn bọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, kí kókó rẹ̀ lè ṣẹ́ kù. Ìjẹ̀bú mìíràn á ní àfi pẹ̀lú ẹ̀bà tútù. Ó jọ pé ẹni tó kọ́kọ́ sè é kò dúró de iṣu tí kò ní. Èyí tó wà nílẹ̀ ló fi ṣe àrà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gàrí rí ní Àgọ́-Ìwòyè. Yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982, tó ń jẹ́ orúkọ Ọlábísí Ọnàbánjọ láti 2001, ló kó akẹ́kọ̀ọ́ jọ síbẹ̀, olóúnjẹ tó bá sì fẹ́ tà fún akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gbówó lérí jù. Gbágùúdá tí wọ́n rin ni wọ́n ń dì sínú àpò, tí wọ́n ń gbé òkúta lé, tí wọ́n sì ń fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan dáadáa, kí wọ́n tó jọ̀ ọ́, kí wọ́n sì yan án gbẹ. Ẹni tó bá ní kọ́ńgò gàrí kan nínú àpò, tó rí omi tútù, ẹ̀pà àti ẹja díndín, ti jẹun ọ̀sán.

Ibi tí ẹja ti ń wá ni Ogun Waterside, ìjọba ìbílẹ̀ tó gbé Ìpínlẹ̀ Ògùn dé etí òkun, tí Àbígí jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ ló jùmọ̀ ń gbé ibẹ̀, púpurú, òkèlè gbágùúdá mìíràn, sì wà fún ẹni tí ẹ̀bà bá sú. Ní Ìwòpin, létí ọ̀sà Lẹ́kí, ẹja àrọ̀ tí wọ́n ká bí òrùka, tí wọ́n fi igi gún ìrù rẹ̀ mọ́ ẹnu, ń gba èéfín lórí wáyà. Ó dínwó níbẹ̀ torí kò tíì kọjá lọ́wọ́ alárọ́bọ̀.

Síbẹ̀, ìṣọ́wóná ní ààlà. Bí ọkọ̀ ojú omi bá ti kún jù, ká jẹ́ kó lọ. Bí kò bá sí jákẹ́ẹ̀tì ààbò, ká má wọ̀ ọ́. Ká má sì fi owó kékeré yọ ẹlẹ́ja lẹ́nu títí èrè rẹ̀ á fi tán. Ẹni tó bá kí i pé “Ẹ kú ọjà o, ìyá”, tó san iye tó tọ́, ni í fún ní ènì.