Àbùùbùtán: Ẹja Tí Wọ́n Bù Tí Ó Kù Díẹ̀ Kó Tán

Ìyá àgbà mi ní ìkòkò ńlá kan tó máa ń gbé jáde tí ayẹyẹ bá wà nílé wa. Àbùùbùtán ló ń pè é. Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ni àbùùbùtán, ó ní ẹja òkun ni, ẹja tó tóbi débi pé gbogbo ìlú á gbé abọ́ wá, wọ́n á bù, wọ́n á bù, kò sì ní tán. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fetí sí orúkọ náà dáadáa, ohun tí ìyá àgbà sọ gan-an ni mo sì ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rọra pè é wò: à-bù-ù-bù-tán. "Kò ní tán" wà níbẹ̀.

Orúkọ yẹn ló wà lọ́kàn mi ní oṣù Kẹjọ tó kọjá, nígbà tí èmi àti àbúrò mi obìnrin wọ ọkọ̀ ojú omi ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, láti lọ wo àbùùbùtán. Kí n má purọ́, kì í ṣe torí ẹja la ṣe lọ sí Bahia. Ohun tó ń gbé púpọ̀ nínú wa lọ síbẹ̀ ló gbé àwa náà lọ: ilé òrìṣà, àkàrà tí wọ́n ń pè ní acarajé, àwọn ènìyàn tí ojú wọn jọ ojú àwọn ará ilé wa. Àbúrò mi ló ní ká ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún òkun. Mo rò pé ìgbafẹ́ lásán ni. Ìtàn tí mo bá pàdé níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí ó kàn wá ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọkọ̀ gbé wa láti Salvador lọ sí Praia do Forte, nǹkan bí 80 kìlómítà sí àríwá. Ọ̀nà náà gba ìtòsí Itapuã, ó gba ìlú Lauro de Freitas, ó sì kọjá lórí odò kan tó ń jẹ́ Joanes. Mo ya fọ́tò odò náà àti igi àgbọn etí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ odò yìí sọ́kàn, a ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi tí a wọ̀ ò tóbi. Àwa èrò méjìlá, awakọ̀, àti ọkùnrin adúláwọ̀ kan tó ń ṣàlàyé fún wa. Wọ́n fún wa ní jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Mo ti lo oògùn èébì kí n tó kúrò nílé, ṣùgbọ́n òkun ò mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí, mo bì bíi ti gbogbo ayé. Nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn náà, awakọ̀ na ọwọ́ síwájú. Ohun funfun kan bíi èéfín yọ lójú omi, ó ga, ó sì pòórá. Èémí àbùùbùtán ni. Ẹja la ń pè é, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló ń mí bíi tiwa, ọmú ló sì fi ń tọ́ ọmọ rẹ̀. Oríṣi tí à ń wò yìí, jubarte lorúkọ rẹ̀ lédè Potogí. Èyí tó bá dàgbà lè gùn tó mítà 15, kó sì wúwo tó 30 tọ́ọ̀nù.

Awakọ̀ dẹwọ́ ẹ́ńjìnì. Ọkùnrin olùṣàlàyé ní òfin ló sọ bẹ́ẹ̀: láti 1996, ọkọ̀ kankan ní Bùràsíìlì ò gbọdọ̀ fi ẹ́ńjìnì sún mọ́ àbùùbùtán ju 100 mítà lọ, kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ lé e ju 30 ìṣẹ́jú lọ. A jókòó, omi ń mì wá, à ń dúró. Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn dúdú ńlá kan yọ, òmíràn tó kéré sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá àti ọmọ. Gbogbo ọkọ̀ pariwo. Ọkùnrin yẹn wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò, pé láyé àtijọ́, ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gún.

Mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lọ́kàn. A sùn ní Praia do Forte mọ́jú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lóru ọjọ́ yẹn, mo ń kà á lọ títí tí mo fi padà sílé. Ohun tí mo rí nìyí.

Ní 1602, ọba Spéìn, tó tún jẹ́ ọba Pọ́túgà nígbà náà, fún Pero de Urecha, ọmọ Basque, àti ẹnì kejì rẹ̀ láṣẹ láti máa pa àbùùbùtán ní etíkun Bùràsíìlì. Àwọn ará Basque ti mọ iṣẹ́ yìí lámọ̀dunjú ní òkun tiwọn. Apá òkun tó ya wọ ẹ̀gbẹ́ ìlú Salvador, níbi tí erékùṣù Itaparica wà, ni iṣẹ́ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Frei Vicente do Salvador, àlùfáà Kátólíìkì tí wọ́n bí ní Bahia, ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ìtàn tó kọ parí ní 1627. Ọkọ̀ kéékèèké, àjẹ̀, ọ̀kọ̀ onírin tí wọ́n so okùn mọ́. Ọmọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gún, torí òun ló máa ń ṣeré lójú omi, tí kò mọ ẹ̀rù. Wọ́n á fi okùn dá ọmọ náà dúró. Ìyá ò ní lọ. Yóò máa yí ọmọ rẹ̀ ká títí ọ̀kọ̀ tirẹ̀ náà yóò fi bà á. Yorùbá ní ìyá ni wúrà. Àwọn apẹja yẹn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n sì fi ń pa á nìyẹn.

Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ, ìdí nìyẹn tí ohun tó kàn yìí fi dùn mí jù. Òkun Bahia tí jubarte ti ń bímọ kì í ṣe ibi tó ti ń jẹun. Oúnjẹ rẹ̀ wà ní gúúsù jìnnàjìnnà, lágbègbè erékùṣù South Georgia, lápá ibi tí yìnyín wà. Á jẹun yó níbẹ̀, á sanra, á wá rin nǹkan bí 4,000 kìlómítà wá sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láti bímọ. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń tọ́mọ ní Bahia, ṣàṣà ni ìgbà tó ń fi nǹkan kan ẹnu. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń sọ di ọmú. Nítorí náà, ọ̀rá tí wọ́n ń gé, tí wọ́n ń sè nínú ìkòkò irin létí òkun, oúnjẹ ọmọ ni.

Kí ni wọ́n wá ń fi òróró rẹ̀ ṣe? Iná ni. Ṣúgà ni iṣẹ́ Bahia nígbà náà, tí wọ́n bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìrèké, tọ̀sán-tòru ni, fún oṣù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ́dún. Iṣẹ́ òru ò ṣeé ṣe láìsí fìtílà, òróró àbùùbùtán ló sì wà nínú fìtílà yẹn. Àwọn tó ń fi iná rẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́jú, tí wọ́n ń ti ìrèké bọ ẹnu ẹ̀rọ tó lè gé ọwọ́ wọn, ẹrú ni wọ́n, àwọn tí wọ́n kó láti Áfíríkà àti ọmọ wọn. Ẹran ẹja náà, ẹrú àti tálákà ni wọ́n ń fún jẹ. Èrè ibẹ̀ pọ̀ débi pé láti 1614 títí di 1801, ọba Pọ́túgà gba iṣẹ́ náà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó bá sanwó fún ọba nìkan ló lè ṣe é.

Lórí ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo ti bi ọkùnrin olùṣàlàyé wa pé, "Ẹ ti sọ bí wọ́n ṣe ń gún un. Ta ló ń wa ọkọ̀ nígbà náà? Ta ló ń gé ọ̀rá?" Àbúrò mi tó gbọ́ Potogí díẹ̀ ló bá mi túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà wò mí, ó fi ìka tọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì tọ́ tèmi. Ó ní, "Àwa ni." Ó wá fi kún un pé, "Ẹ lọ ka ti 1814."

Mo kà á. Àgọ́ tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ẹja yìí ni wọ́n ń pè ní armação. Títí dòní, etíkun kan wà ní Salvador tó ń jẹ́ Armação. Ẹrú ló kún àwọn àgọ́ wọ̀nyí: wọ́n ń wa ọkọ̀, wọ́n ń fa òkú ẹja gòkè, wọ́n ń dáná ìkòkò ọ̀rá. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 1814, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn àgọ́ tó wà lápá Itapuã. Àwọn ẹrú tó sá jáde láti Salvador dara pọ̀ mọ́ àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ ẹja. Wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sun àwọ̀n, wọ́n pa àwọn alábòójútó, wọ́n wọ Itapuã, wọ́n ń pariwo òmìnira. Haúsá ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn Nàgó, ìyẹn àwa, wà láàárín wọn. Wọ́n kọrí sí Recôncavo, ibi tí oko ìrèké pọ̀ sí, kí àwọn ẹrú ibẹ̀ lè dìde. Wọn ò dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ ogun pàdé wọn ní Santo Amaro de Ipitanga, nítòsí odò Joanes. Ọ̀pọ̀ kú lójú ìjà, wọ́n sì so àwọn kan kọ́ lẹ́yìn ìdájọ́.

Santo Amaro de Ipitanga yẹn ni Lauro de Freitas òde òní. Odò Joanes ni odò tí mo ń ya igi àgbọn etí rẹ̀ ní fọ́tò.

Ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn náà, ní oṣù Kìíní 1835, àwọn Nàgó ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù ló ṣáájú ọ̀tẹ̀ Malê ní Salvador. Ti 1835 la máa ń sọ. Ti 1814, tó bẹ̀rẹ̀ nídìí iṣẹ́ àbùùbùtán, kì í sábà dé etí wa.

Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ náà, wọ́n ṣì ń pa ẹja lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àti àjẹ̀ ò lè bù ú tán. Ẹ̀rọ ló fẹ́ẹ̀ bù ú tán. Ní 1904, Carl Anton Larsen, ará Nọ́wè, dá àgọ́ Grytviken sílẹ̀ ní South Georgia, lágbègbè tí àwọn àbùùbùtán Bahia ti ń jẹun gan-an. Ọkọ̀ tó ń fi ooru omi rìn dé, ìbọn ńlá tó ń yin ọ̀kọ̀ tó ń bú gbàmù dé pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣírò rẹ̀ nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2019: ní 1830, nǹkan bí 27,000 ló wà nínú àwọn jubarte apá òkun wa yìí. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1950, nǹkan bí 450 ló kù. Mo ka nọ́ḿbà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá àgbà, ó ń tán o.

Kí ló wá gbà á? Wọ́n dẹ́kun bíbù ni. Ní 1963, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àbùùbùtán fòfin de pípa jubarte ní ìlàjì gúúsù ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọkọ̀ Soviet ṣì ń pa á ní bòókẹ́lẹ́ fún ọdún mélòó kan. Ní 1983, Bùràsíìlì ya òkun Abrolhos sọ́tọ̀ ní gúúsù Bahia. Ní 1987, òfin ilẹ̀ náà fi òpin sí pípa gbogbo oríṣi àbùùbùtán. Ní 1988, Projeto Baleia Jubarte bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdáàbòbò. Ìwádìí 2019 kan náà sọ pé wọ́n ti padà tó 25,000. Kò sí ẹni tó gún wọn ní abẹ́rẹ́, kò sí ẹni tó fún wọn lóògùn. Ní ọsibítù, a mọ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀: ẹni tí ara rẹ̀ máa wo ara rẹ̀ sàn, tí wọ́n bá sáà ti mú ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é léṣe kúrò lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sínú ọkọ̀. Lẹ́yìn tí ọkùnrin yẹn ti ní "Àwa ni," kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹ́ńjìnì ò dún. Ìyá àti ọmọ yẹn wá yí padà, wọ́n sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa fúnra wọn. Wọ́n sún mọ́ wa débi pé a gbóòórùn èémí wọn, kò sì dáa lóòórùn rárá. Ìyá arúgbó kan láti Salvador tó jókòó tì mí dìde dúró, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Odoyá!" Bí wọ́n ṣe ń kí Yemọja níbẹ̀ nìyẹn. Mo gbọ́ ọ yé: odò ìyá. Mo ní, "Odò ìyá o, màmá." Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọmọ mi." Ọkùnrin olùṣàlàyé wo aago, ó ní ìṣẹ́jú wa ti pé. Awakọ̀ dúró kí wọ́n kọ́kọ́ jìnnà, kó tó tan ẹ́ńjìnì.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a ń padà lọ sí Salvador, a tún dé orí odò Joanes. Mo bẹ awakọ̀ kó rọra. Àbúrò mi gbé fóònù sókè, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ò ní ya fọ́tò ni?" Mo ní rárá, kó gbé e sílẹ̀, kó bá mi wò ó. Mo sọ fún un ohun tí mo kà lóru. Ó dákẹ́. Ó wá bi mí pé kí ni orúkọ wọn. Mo ní Haúsá, mo ní Nàgó. Ó ní, "Orúkọ wọn ni mò ń béèrè, Àǹtí mi." Mi ò rí èsì fún un. A jọ ń wo omi náà títí ọkọ̀ fi kọjá.

Tí ẹ bá lọ sí Bahia láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá, ẹ lọ wo àbùùbùtán. Tí ẹ bá sì dé orí odò Joanes, ẹ sọ fún awakọ̀ yín kó rọra.