Tomáš Ará Štítné: Ọlọ́lá tí ó Fi Èdè Abínibí Kọ̀wé

Ogun tàbí ilé ńlá ni ó sọ ọ̀pọ̀ ọlọ́lá ayé àtijọ́ di ẹni ìrántí. Ti Tomáš, onílẹ̀ abúlé Štítné, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ni ó sọ ọ́ di ẹni ìrántí, èdè tí ó fi kọ ọ́ ni ó sì dá àríyànjiyàn sílẹ̀.

Abúlé kékeré ni Štítné, lẹ́bàá ìlú Žirovnice ní ilẹ̀ Bohemia, ní orílẹ̀-èdè tí a mọ̀ sí Czech lónìí. Ní nǹkan bí ọdún 1333 ni a bí Tomáš. Ìdílé rẹ̀ kò sí lára àwọn ìjòyè ńláńlá. Ọlọ́lá kékeré ni wọ́n, tí wọ́n ní ilé olódi, ilẹ̀ oko, àti àwọn àgbẹ̀ tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn.

Ní ọdún 1348, Ọba Charles Kẹrin dá yunifásítì sílẹ̀ ní Prague. Tomáš wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kàwé níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba oyè kankan kí ó tó padà sídìí ogún ìdílé rẹ̀. Ìwàásù Jan Milíč, àlùfáà tí ó ń bá olówó àti àlùfáà ẹgbẹ́ rẹ̀ wí, ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Nígbà tí ó di bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 1376 ni ó kó ìwé mẹ́fà jọ lórí ẹ̀sìn Kristi: ìgbàgbọ́, ìrètí àti ìfẹ́; ìgbésí ayé wúńdíá, opó àti tọkọtaya; ojúṣe baálé, ìyálé ilé àti ọmọ ọ̀dọ̀; àti bí ènìyàn ṣe lè kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ mìíràn, àwọn ọmọ ń béèrè, bàbá sì ń dáhùn.

Èdè Látìn ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń jíròrò irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Kí ẹni tí kì í ṣe àlùfáà, tí kò sì gboyè, máa fi èdè Czech ṣàlàyé ohun mímọ́, àfojúdi gbáà ni lójú wọn. Tomáš kò yẹsẹ̀. Ó ní Pọ́ọ̀lù Mímọ́ pàápàá fi èdè tí àwọn ènìyàn gbọ́ kọ̀wé sí wọn, àti pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ràn ẹni tí ó gbọ́ Látìn ni ó fẹ́ràn ará Czech.

Tomáš kò sọ pé kí ìṣàkóso onílẹ̀ dópin. Onílẹ̀ ni òun náà. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́lá kí wọ́n má ṣe ni aláìní lára. Ó tún ìwé Látìn kan lórí ayò ṣẹ́ẹ̀sì kọ ní èdè Czech, níbi tí ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan, láti orí ọba dé orí mẹ̀kúnnù, ti ní ojúṣe tirẹ̀.

Ó lo ọjọ́ ogbó rẹ̀ ní Prague, ó sì kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọmọbìnrin rẹ̀, Anežka, gbé nítòsí ilé ìjọsìn Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1391 kí a lè máa wàásù ní èdè Czech. Ibẹ̀ ni Jan Hus ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù ní ọdún 1402. Ní ọdún 1852, Karel Jaromír Erben tẹ ìwé mẹ́fà náà jáde fún ìran tuntun.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí bàbá kan kọ fún ọmọ rẹ̀ ní abúlé ti di ogún gbogbo ẹni tí ń sọ èdè náà.