Kí Ló Lé Wọn Jáde ní St. Saviour's?

Ẹnì kan nínú yín bi mí pé kí ló lé àwọn Aládùúrà àkọ́kọ́ kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Èsì tó ń yá gbogbo wa lẹ́nu ni pé oògùn ni. Oògùn wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ èmi ò rò pé òun nìkan ni.

Ní 1918 ni lùkúlùkú wọ̀lú. Ìjọba ní kí wọ́n ti àwọn ilé ìjọsìn pa. Ẹ wò ó ná: ìgbà tí jìnnìjìnnì mú ènìyàn jù lọ ni ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì di títì! Lọ́dún yẹn kan náà, ní St. Saviour's, Ìjẹ̀bú-Òde, Daddy Ali tó ń tọ́jú ilé ìjọsìn lálàá pé ìjọ pín sí méjì. Apá kékeré wà nínú ìmọ́lẹ̀ nítorí àdúrà, apá ńlá wà nínú òkùnkùn. Ni J. B. Shadare, alágbẹ̀dẹ wúrà, àtàwọn mélòó kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé gbàdúrà. Sophia Ọdúnlámì, tíṣà kan tí àrùn náà ti dá dùbúlẹ̀ rí, dara pọ̀ mọ́ wọn pẹ̀lú ìran tirẹ̀: omi òjò ni kí aláìsàn máa lò. Wọ́n pe ẹgbẹ́ náà ní Precious Stone.

Ẹgbẹ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì ni o, wọn ò tíì kúrò. Nǹkan bí ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi bá àwọn yòókù jọ́sìn. Ọ̀rọ̀ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ ló wá di gbọ́nmi-si-omi-ò-to. Wọ́n ní ọmọ tí ò tíì mọ ohun tó ń gbà gbọ́ kò yẹ lẹ́ni à ń rì bọmi. Bíṣọ́ọ̀bù Melville Jones ò gbà.

Ṣé ẹ rí i, inú yàrá ẹni lèèyàn ti lè kọ oògùn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọn ò gbé wá fún ìrìbọmi, gbogbo ìjọ ló rí i, ìyá àgbà rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa béèrè.

Ní 1922 wọ́n jáde. Shadare fi ipò rẹ̀ nínú Sínóòdù sílẹ̀. Àwọn míì pàdánù iṣẹ́, àwọn míì sì kó ọmọ wọn kúrò ní ilé ìwé ìjọ. Ẹ rántí pé Ìjẹ̀bú-Òde nígbà yẹn kò kún fún ilé ìwé bíi tòní.