Èrè fún Ẹni tí ó Dáhùn: Ṣé Ó Ń Gbé Ìmọ̀ Ró ni, àbí Ó Ń Bà á Jẹ́?

 

Ní ilé tèmi, ìgbà kan wà tí mo lẹ bébà kan mọ́ ara fíríìjì. Nígbàkúùgbà tí ọmọ mi obìnrin bá sọ gbólóhùn Yorùbá kan, mo máa ń kọ máàkì kan sílẹ̀ fún un. Bí máàkì bá pé 20, yóò gba owó díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, inú mi dùn dé ẹ̀yìn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo ṣàkíyèsí pé "Ẹ káàárọ̀, Màmá" ti di ìgbà mẹ́jọ láàárín òwúrọ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ náà kò kọ́ gbólóhùn tuntun mọ́. Èyí tí ó rọrùn jù lọ ni ó ń tún sọ. Nígbà tí mo ká bébà náà kúrò, ó bi mí pé, "Ṣé kí n ṣì máa sọ ọ́?" Ìbéèrè yìí ni ó gbé mi dé inú ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Ẹ kò ní ṣàì mọ̀ pé àwọn baba ńlá wa kò fi máàkì pa ààlọ́. Lábẹ́ òṣùpá, ọmọ tí ó bá mọ ìdáhùn ààlọ́ àpamọ̀ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, kì í ṣe pé kò sí èrè. Ìyìn ẹgbẹ́ ń bẹ, ìwúrí àgbà ń bẹ. Àwọn àgbà tí wọ́n sọ pé "Yinni, yinni, kí ẹni lè ṣe òmíràn" mọ̀ pé ènìyàn fẹ́ràn kí a mọ rírì òun. Ohun tí ó yẹ kí á wádìí ni irú èrè tí ó yẹ, ẹni tí ó yẹ kí ó fún ni, àti ohun tí ó yẹ kí a fún ni nítorí rẹ̀.

Ní ọdún 1704, olùkọ́ kan ní ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Tipper, bẹ̀rẹ̀ àlìmánáàkì ọdọọdún kan tí ó pè ní The Ladies' Diary. Kò pẹ́ tí ìbéèrè ìṣirò fi gba ìwé náà kan. Olùkàwé kan yóò béèrè nínú ti ọdún yìí. Àwọn ẹlòmíràn yóò kọ ìdáhùn ránṣẹ́ nínú lẹ́tà. Ìwé ti ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni yóò gbé ìdáhùn jáde pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dà díẹ̀ nínú ìwé náà gan-an ni ẹ̀bùn ọ̀hún. Kí orúkọ ẹni hàn nínú ìwé, kí àwọn tí ó mọ ìṣirò rí i, èyí ni ó dùn mọ́ wọn nínú jù. Charles Hutton, tí a bí ní Newcastle ní ọdún 1737, tí ó sì ti wa èédú nínú ihò nígbà èwe rẹ̀, wà lára àwọn tí ó ń fi ìdáhùn ránṣẹ́. Ní ọdún 1773 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ ológun ní Woolwich, àdúgbò tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ bí ẹní mowó. Òun náà ni ó wá di olóòtú ìwé yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwé náà lò ju 130 ọdún lọ láyé. Èrè rẹ̀ kéré, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ó ń dé, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ni ó sì ń ṣe ìdájọ́. Kò sí ẹni tí ó lè fi wàdùwàdù kó o jọ.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ní ọdún 1862, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ ìdarí Robert Lowe, gbé ètò kan kalẹ̀ pé iye owó ìrànwọ́ tí ilé ìwé yóò gbà yóò dá lé wíwá ọmọ sí ilé ìwé àti èsì ìdánwò ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò. Ọmọ tí ó bá kùnà, owó ilé ìwé dín. Kí ni àwọn olùkọ́ ṣe? Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kan ṣoṣo títí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n sórí, láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Matthew Arnold, akéwì tí ó tún jẹ́ alábẹ̀wò ilé ìwé, kọ̀wé tako ètò náà léraléra. Kí ọ̀rúndún náà tó parí ni wọ́n pa á tì. Ṣùgbọ́n kí ó tó kú nílé, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa: òfin ẹ̀kọ́ ti Èkó ní ọdún 1887 pẹ̀lú fi èsì ìdánwò ṣe ara ohun tí wọn yóò fi pín owó fún ilé ìwé. Ẹ ò rí i pé ìṣòro bébà ara fíríìjì mi ti pẹ́ láyé.

Ní ayé íntánẹ́ẹ̀tì, ìtàn náà tún ara rẹ̀ sọ. Ní ọdún 2005, Yahoo dá ibi ìbéèrè àti ìdáhùn sílẹ̀ tí a ń pè ní Yahoo! Answers. Ẹni tí ó bá wọlé yóò gba máàkì 100. Bí ó bá béèrè, yóò san 5; bí ó bá dáhùn, yóò gba 2; bí ìdáhùn rẹ̀ bá sì borí, yóò gba 10. Ẹ kíyè sí i: ìdáhùn gidi àti ìsọkúsọ, 2 ni wọ́n jọ ń gbà. Nítorí náà, àwọn kan á kàn kọ ọ́ pé àwọn kò mọ̀, wọn á sì kó máàkì wọn lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pátápátá.

Jeff Atwood àti Joel Spolsky gbìyànjú láti ṣe tiwọn dáadáa nígbà tí wọ́n dá Stack Overflow sílẹ̀ ní ọdún 2008 fún àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Níbẹ̀, kíkọ ìdáhùn nìkan kò mú nǹkan wá. Àfi kí àwọn akẹgbẹ́ ẹni dìbò pé ìdáhùn náà dára: ìbò kan, máàkì 10. Èyí tí a bá rí gbà nípa ìbò kò lè ju 200 lọ ní ọjọ́ kan. Bí máàkì ẹni sì ti ń pọ̀ ni àṣẹ ẹni ń pọ̀ láti tún iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe. Ó so èso púpọ̀. Àìmọye ọ̀dọ́ kárí ayé ni ó ti rí ojútùú ìṣòro iṣẹ́ wọn níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àmọ́ àbàwọ́n wà. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè tí ó rọrùn máa ń jèrè ju ẹni tí ó fi ọjọ́ mẹ́ta ronú lórí èyí tí ó le. Àwọn àlejò ń rojọ́ pé wọ́n ń kanra mọ́ àwọn. Ní ọdún 2018, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbà ní gbangba pé ibẹ̀ kò gba àlejò tó bí ó ti yẹ. Ní ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Prosus ra Stack Overflow ní bílíọ̀nù dọ́là 1.8, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni àwọn tí ó kọ ìdáhùn wọ̀nyẹn fi kọ wọ́n. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, kété lẹ́yìn tí ChatGPT jáde, wọ́n ní láti fòfin de ìdáhùn tí ẹ̀rọ bá kọ, nítorí pé àwọn ènìyàn ń dà á síbẹ̀ wìtìwìtì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì kùnà bí ó tilẹ̀ dà bí òótọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé bí kò bá sí máàkì, ta ni yóò wá? Ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n òtítọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2001 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọ Wikipedia láìgba owó, títí kan ti èdè Yorùbá. Ní ọdún 1973 pẹ̀lú, Mark Lepper àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ tí ó fẹ́ràn àwòrán yíyà ni wọ́n lò. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀rí alárànbarà fún apá kan kí wọ́n tó yàwòrán. Wọ́n fún apá kejì lójijì lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán. Apá kẹta kò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, àwọn tí a ti ṣèlérí fún kò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kan ohun ìyàwòrán mọ́. Bí ìdajì àkókò tí àwọn yòókù fi ń yà á ni tiwọn. Àwọn tí ẹ̀bùn bá lójijì kò yí padà.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí, ẹ̀yin òbí. Èrè kì í ṣe ọ̀tá ìmọ̀. Èrè tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ bá fún ni, lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti dára, máa ń gbé ni ró. Èyí tí a bá ti ka iye rẹ̀ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye náà ni ọmọ yóò máa lé, yóò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ní ilé tiwa, n kò dá bébà padà sára fíríìjì. Ní ọjọ́ Sátidé, a máa ń tẹ màmá mi láago ní Ìbàdàn. Ààlọ́ àpamọ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ náà bá gbà á, wọ́n á kì í ní oríkì rẹ̀; bí kò bá gbà á, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì ní kí ó lọ rò ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kò tíì já geere nínú èdè náà, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó wá bá mi nínú ilé ìdáná láti béèrè bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ kan, nítorí pé òun náà fẹ́ pa ààlọ́ fún Màmá Àgbà. Kò béèrè iye máàkì.