Dáwódù àti ìtọ́jú ilé ẹbí
Dáwódù ni àkọ́bí ọkùnrin tí ó di olórí ẹbí lẹ́yìn ikú baba rẹ̀. Ní ìlú Ọjọ́, Ìbà àti Òkòkòmáìkò ní Èkó, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó lè gbé inú ilé ẹbí, ìyẹn ilé tí olóògbé fi sílẹ̀ láìṣe ìwé ìhágún, títí ọjọ́ ikú tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá a tà, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òrùlé máa jò tàbí kí ògiri wó, nítorí pé àwọn ọmọ tí a kò tíì bí náà ní ìpín níbẹ̀. Ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí a dá ní Èkó ní 1908, tilẹ̀ fi hàn pé, bí dáwódù bá kú, ọmọ baba rẹ̀ tí ó dàgbà jù nínú àwọn tí ó kù, ì báà ṣe obìnrin, ni ipò náà tọ́ sí.